Ta Ló Ni Owó Oúnjẹ Ọmọ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní í rí ẹni bá ṣeré. Òwe yìí dára púpọ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti pa á tó ìgbà tí n kò lè kà mọ́, nítorí pé ìjà pípẹ̀tù sí ni mo fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé lónìí pé ọjọ́ kan wà tí mo pa òwe náà, tí gbogbo àwọn tó jókòó yìn mí, tó sì jẹ́ pé owó olówó ni mo fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ọmọ kékeré kan ló ni owó náà. Ọmọ ọ̀hún kò sì sí níbẹ̀.

Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ṣe. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi títí mo fi di ọ̀gá nínú rẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ káàkiri, ṣùgbọ́n agbègbè tí mo mọ̀ bí ẹní mọ ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Àwọn tí kò mọ wẹ́fíà rò pé kọ́ọ̀tù ni. Kì í ṣe kọ́ọ̀tù o. Kò sí adájọ́ níbẹ̀, kò sí lọ́yà, a kì í sì í ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Tábìlì kan ni, àga mẹ́rin tàbí márùn-ún, àti fáìlì. Ìyá ọmọ á wá, á sọ tẹnu rẹ̀. A ó kọ ìwé pe bàbá. Bó bá wá, a ó gbọ́ tirẹ̀ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá yanjú, wọn á fọwọ́ sí ìwé pé iye báyìí ni bàbá yóò máa mú wá lóṣooṣù fún oúnjẹ ọmọ, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti oògùn rẹ̀. Bí kò bá yanjú, ó di kọ́ọ̀tù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò sì fẹ́ kí ó débẹ̀. Ṣebí Yorùbá ló ní a kì í ti kọ́ọ̀tù dé ká ṣọ̀rẹ́?

Iṣẹ́ náà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní ìlú Ọ̀wọ̀, o lè rí bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní FMC, tàbí ní Poli Rufus Giwa. Ẹni tó ń gba owó oṣù, kò sí ibi tó lè sá sí. Ṣùgbọ́n bí o bá kọrí sí Ìfọ́n, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, tí o tún yà sí Òkelúsè tàbí Ìdó-Àní, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn bàbá tí o máa bá pàdé. Àgbẹ̀ kì í gba owó oṣù. Ìgbà tí iṣu bá ta, ìgbà náà ni owó dé. Nítorí náà, bí mo bá jókòó ti àgbẹ̀, n kì í bi í pé èló ló ń gbà. Ebè mélòó ló kọ, ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ mélòó ló tà lẹ́ẹ̀rùn, ìyẹn ni mo máa ń bi í.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀, n kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ọdún 2014 ni. Obìnrin kan tó ń ta gàrí pe ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá. Mẹkáníìkì ni ọkùnrin náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àdùkẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá ti fọwọ́ sí ìwé tẹ́lẹ̀ pé òun á máa mú ₦5,000 wá lóṣù. Oṣù 14 ti kọjá, kò mú kọ́bọ̀ wá. Ẹ ṣírò ó: ₦70,000.

Ọkùnrin náà kò wá lóun nìkan. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì mú bàbá àgbàlagbà kan láti àdúgbò wọn wá. Wọn kò jà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n bá wá. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Ó ní, “Ìyá wẹ́fíà, ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi bẹ ìyá Àdùkẹ́. Kó jẹ́ ká fagi lé èyí tó ti kọjá. Láti oṣù tó ń bọ̀, n ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí a má wo ti ìwà, kí a wo ti Ọlọ́run. Bàbá àgbàlagbà súre. Èmi náà wò ó pé ọdún méjì ni àwọn méjèèjì yìí kò ti kí ara wọn. Mo wo ojú ìyá Àdùkẹ́. Mo wá pa òwe tí mo pa lẹ́ẹ̀kan: bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná.

Obìnrin náà sunkún díẹ̀. Ó ní, “Mo ti gbà. Nítorí yín ni o, mà.” Mo fa ìlà pupa sí iye tó wà nínú fáìlì. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì jọ jáde. Mo gbọ́ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú mi dùn dé alẹ́ ọjọ́ náà. Mo tilẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kí n tó rí Àdùkẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, nínú gáréèjì. Omi inú ọ̀rá ló gbé lé orí. Ó dá mi mọ̀ kí n tó dá a mọ̀. Ó rọra sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Mọ́mì mi ní ẹ̀yin lẹ bá dádì àti mọ́mì parí ìjà. Ẹ ṣé mà.”

Mo bi í pé ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ó ní wọ́n jẹ gbèsè níbẹ̀, wọ́n sì ní kí òun dúró sílé ná.

Ẹ̀yin ará, ìjà parí lóòótọ́. Ọmọ náà kò purọ́. Bàbá rẹ̀ ń kí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n owó tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fi san gbèsè ilé ẹ̀kọ́ ni mo fa ìlà pupa sí yẹn. Ta ló wá sanwó ìrẹ́pọ̀ náà? Bàbá kò san. Ìyá kò san. Èmi kò san, mo tilẹ̀ gba ọpẹ́ ni. Àdùkẹ́ ló san án.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan kò ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀: ta ló ni owó oúnjẹ ọmọ gan-an? Ìdí ni pé ẹni tó bá ni gbèsè nìkan ló lè dárí gbèsè jini.

Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn lọ́jà, wọ́n á ní ìyá ló ni ín. Ṣebí òun ló pe ẹjọ́? Ṣebí òun ló ń gba owó? Ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo alájọ tó ń káàkiri ọjà láàárọ̀, tó ń gba owó lọ́wọ́ ìyá aláta àti ìyá ẹlẹ́ja. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ wà nínú ìwé rẹ̀. Ká ní ẹnì kan yá nínú owó àjọ, tó wá dọ̀bálẹ̀ fún alájọ, tí alájọ ní, “Ó tán, mo ti dárí jì ọ́.” Kí ni ìyá aláta máa ṣe fún alájọ lọ́la? Kò ní í gbà. Á ní, “Owó ta lo fi ń ṣe inú rere?” Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá ọmọ rí. Alájọ ọmọ ni. Ó ń gba owó náà, ó ń ná an sórí ọmọ, ṣùgbọ́n kò ní in. Bí ìyá tó bí ọmọ kò bá lè dárí rẹ̀ jini, èmi òṣìṣẹ́ wẹ́fíà wá jẹ́ ta?

Òfin ilẹ̀ wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1989 ni gbogbo àgbáyé fẹnu kò sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọ. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1991, a sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tiwa ní 2003. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Nínú òfin ti 2003, ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún 18, ọmọ ni. Abala kẹrìnlá sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ kí àwọn òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ máa tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ti mọ, ó sì sọ pé ọmọ lè gba ẹ̀tọ́ náà ní kọ́ọ̀tù. Ẹ tún un kà. Ọmọ ni òfin dárúkọ. Kò ní “ìyàwó tí a kọ̀”. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ wo ló máa mú ọ̀kadà lọ sí kọ́ọ̀tù láti lọ pe bàbá rẹ̀ lẹ́jọ́? Nítorí ìyẹn gan-an ni wẹ́fíà fi wà. Bàbá ní ẹnu, ìyá ní ẹnu. Ẹnu tí ọmọ ní kò ju ẹnu tiwa lọ.

Bí a bá gbà pé ọmọ ló ni owó náà, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ àwíjàre tí a ń gbọ́ lórí tábìlì yẹn máa já sófo.

Bàbá kan á ní, “Kò jẹ́ kí n fojú kan ọmọ mi, n kò ní í mówó wá.” Ó ń dùn ún, n kò sọ pé kò gbọdọ̀ dùn ún. Ìyá tó ń gbé ọmọ pa mọ́ fún bàbá rẹ̀ ń ṣe ohun burúkú, mo sì ti bá irú wọn wí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná: rírí bàbá, ti ọmọ ni. Jíjẹun, ti ọmọ ni. Bí ìyá bá jí ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ, ṣé bàbá ló yẹ kó wá jí èkejì? Wọ́n jọ ń ja ọmọ lólè ni, wọ́n sì ń pè é ní ìjà láàárín ara wọn.

Òmíràn á ní, “Ó ń fi owó mi ra aṣọ ẹbí.” Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò kan náà ni ìyá àti ọmọ ti ń jẹun, ta ló lè ya ọbẹ̀ ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọmọ? Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́, kí o gba rìsíìtì. Ra ìwé, ra bàtà. Wẹ́fíà kò ní í bá ọ jà nítorí ìyẹn. Àwọn tó ń pariwo aṣọ ẹbí, tí mo bá ti sọ èyí, díẹ̀ ló máa ń ra bàtà nínú wọn.

Èyí tó le jù ni bàbá tó bá ní, “Kó kó ọmọ mi fún mi, n ó bọ́ ọ lọ́dọ̀ mi.” Nínú àṣà tiwa, ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí. Orúkọ bàbá ni ọmọ ń jẹ́, agbo ilé bàbá ni wọ́n ti ń ki oríkì rẹ̀. N kì í fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni mo máa ń bi í: Kíláàsì wo ni ọmọ rẹ wà? Oúnjẹ wo ni kì í jẹ? Bí o bá lọ síbi iṣẹ́, ta ló máa dúró tì í? Bàbá tó fẹ́ ọmọ máa ń dáhùn, tàbí kí ojú tì í pé òun kò mọ̀, kí ó sì lọ wádìí. Ẹni tí kò fẹ́ sanwó ní tirẹ̀ á bínú sí ìbéèrè. Ẹni tó bá ń pariwo pé “ọmọ mi ni”, kí ó pa á pọ̀ pé “ebi tó ń pa á, tèmi ni” pẹ̀lú.

Ẹni tí kò ní ńkọ́? Ẹni tí kò ní wà lóòótọ́, òfin sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló fi sọ pé gẹ́gẹ́ bí agbára. Ohun tó jẹ́ ti ọmọ kì í ṣe iye kan tó wà lójú ọ̀run. Ìpín rẹ̀ ni, nínú ohun tó bá wà nílé. Bí iṣu ló wà, kí iṣu dé. Mo ti rí bàbá tó gbé iṣu mẹ́fà àti gàrí wá dípò owó, mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì tayọ̀tayọ̀. Ohun tí n kò gbà mọ́ ni kí ẹni tó rówó mu ọtí lálẹ́ Sátidé wá sọ fún mi láàárọ̀ Ajé pé ilé le.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, wọ́n fi ẹ̀rọ ìjọba ṣe é. Láti ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti dá ètò sílẹ̀ fún gbígba owó ọmọ. Lónìí, ibi iṣẹ́ bàbá ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1993, wọ́n pè é ní Child Support Agency. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìyá tó bá ń gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba, bí bàbá bá san owó ọmọ, ìjọba á yọ iye kan náà kúrò nínú ìrànlọ́wọ́ ìyá. Bàbá sanwó, ẹrù ìjọba fúyẹ́, ọmọ kò sì jẹ ju bó ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Ó di ọdún 2010 kí wọ́n tó jáwọ́ nínú ẹ̀ pátápátá. Ẹ ò rí i pé àṣìṣe tèmi náà ni? Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ní fáìlì alápáàlì jọ gbàgbé ẹni tó ni owó.

Ní ilẹ̀ tiwa, a ti fi ìgbà kan rántí rẹ̀ dáadáa. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979 sí 1983. Òun wà lára àwọn tó jókòó ro ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Kí ni ètò yẹn sọ nígbà tó kọ́kọ́ dé? Ó sọ pé bóyá bàbá rẹ fẹ́ràn ìyá rẹ o, bóyá kò fẹ́ràn rẹ̀ o, àga kan wà fún ọ ní kíláàsì. Wọ́n mú ọmọ kúrò nínú ìjà àgbà ní ti ilé ẹ̀kọ́. Oúnjẹ alẹ́ ni ìjọba kò lè bá wa gbé dé ilé. Ìyẹn kù sí ọwọ́ bàbá àti ìyá.

Àwọn kan á ní mo ti yí padà, pé mo fẹ́ kí wẹ́fíà máa tú ilé ká. Rárá o. Mo ṣì gbàgbọ́ nínú ìpẹ̀tùsíjà. Ẹni tó bú ìyá ọkọ, ẹni tó kó ẹrù jáde lóru, ẹni tó fẹ́ ìyàwó kejì láìsọ, gbogbo ìyẹn ni wọ́n lè gbàgbé, kí wọ́n máa bá ara wọn ṣeré. Tiwọn ni. Àná wọn ni. Ṣùgbọ́n àná ọmọ kì í kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò jẹun lánàá, ara rẹ̀ kò gbàgbé. Ìlànà tí mo fi ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì kò ju èyí lọ: ohun tó bá jẹ́ ti bàbá àti ìyá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi jìn, ohun tó bá jẹ́ ti ọmọ, ká dín in kù lóṣù bí agbára kò bá tó, ká pín in wẹ́wẹ́, ká fún un lọ́jọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fagi lé e. N kò ní í purọ́ pé ìlànà yìí kò ní owó orí. Àwọn méjì kan wà tí n kò bá rí i parí fún láàárín ọjọ́ kan ká ní mo lè fi owó ọmọ dí àlàfo náà. Wọ́n bínú lọ, wọn kò sì padà.

Àdùkẹ́ ńkọ́? Mo tún pe bàbá àti ìyá rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣì í, pé owó tí mo ní kí a fagi lé kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti ìyá Àdùkẹ́. Ọkùnrin náà bínú gidi. Ó ní, “Ìyá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ parí ẹ̀?” Òtítọ́ ló sọ, n kò rí èsì fún un ju pé kí ó má bínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ tọwọ́ bọ àpò. A pín ìyókù sí ₦3,000 lóṣù, yàtọ̀ sí ₦5,000 ti tẹ́lẹ̀. Nígbà mìíràn ó pé, nígbà mìíràn kò pé.

Àdùkẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí sáà tuntun wọlé. Ọdún kan ló fi kéré sí àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn, kò sí ẹni tó lè san án padà fún un, bàbá rẹ̀ kò lè san án, èmi náà kò lè san án. Bàbá rẹ̀ kò kí mi mọ́ bí a bá pàdé lójú títì. Mo ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ìkíni yẹn, tèmi ni. Mo lè fi jìn ín.